Afárá Bassam: Ibi Tí Ìyá Mi Ti Fi Ọwọ́ Mi Sílẹ̀

  

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta ata kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Ó ní ọmọ òun tí òun fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun nígbà tí òun ń lọ sí Àbíjàn ti dàgbà, ó ti gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n bí òun bá pè é lórí fóònù, bí ẹni ń dá àlejò lóhùn ló ṣe ń dá òun lóhùn. "Ẹ kúulé, ṣé àlàáfíà ni, ó dàbọ̀," ó parí nìyẹn. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a, mo fi í sápò. N kò lè dá a lóhùn nígbà náà. Ẹ má bínú sí mi. Ìdí ni pé irú ọmọ yẹn gan-an ni èmi náà.

Lónìí mo fẹ́ dá ìyá náà lóhùn. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ n mú yín rin ìrìnàjò kan, kí ẹ bá mi dé orí afárá kan tó wà lórí ọ̀sà nílẹ̀ Ivory Coast. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

ỌMỌ ÌYÁ ÀBÍJÀN

Isundunrin ni wọ́n ti tọ́ mi, ní agbègbè Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá mọ ọ̀dọ̀ wa á mọ̀ pé agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn kò wọ́pọ̀. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni àwọn bàbá ńlá wa ti ń lọ síbẹ̀ ṣòwò. Títí di òní, mọ́tò ń gbéra ní Èjìgbò, ó di Àbíjàn. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lọ́jà wa. Ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa lè fi Faransé kí ọ, bó bá jẹ́ pé ọ̀hún ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bá dé ọ̀hún, Anàgó ni wọ́n ń pè wọ́n.

Èmi náà, Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí, ní ọdún 1999. Ṣùgbọ́n n kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo wà tí mo fi di ará Isundunrin. Ìyá àgbà ni mò ń pè ní Màámi. Ẹni tó bí mi lọ́mọ, Ìyá Àbíjàn ni mò ń pè é, bí gbogbo ará àdúgbò ṣe ń pè é. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà lọ́jà Adjamé. Ó máa ń fi owó ilé ìwé mi rán awakọ̀, ó máa ń fi bàtà àti aṣọ ránṣẹ́ bọ́dún bá dé. Bàtà náà kì í bá mi lẹ́sẹ̀ mu, nítorí kò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe tó.

Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré kì í jẹ́ n gbádùn. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ní, "Ìyá ẹ ti fi ẹ́ pààrọ̀ abọ́!" Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé a máa wọ akínyẹmí ara. Títí mo fi ṣe wáẹ̀kì, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, bí mo bá rí abọ́ tánganran lójà, inú mi á bàjẹ́.

Ní ọdún 2011, nígbà tí ìjà ìbò le ní Àbíjàn, tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa sá wálé, òun náà wálé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo sá lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, mo sun ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ara ìlú rọlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó padà lọ. N kò sin ín dé gáréèjì.

Ẹ jẹ́ n pa á tì síbẹ̀ ná.

Ọ̀NÀ JÍJÌN

Nígbà tí mo sọ fún un pé ọ̀gá mi rán mi kí n lọ kọ nípa àwọn ènìyàn wa tó wà ní Àbíjàn, mo rò pé yóò ní kí n wá tààrà sílé. Ó ní rárá. Ó ní, "Bí mọ́tò yín bá dé Bassam, sọ̀ kalẹ̀. Má bá wọn wọ Àbíjàn. Orí afárá ni màá ti dúró dè ọ́." Mo ní afárá wo? Ó ní, "Bó o bá dé Bassam, béèrè Afárá Ìṣẹ́gun. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ẹni tí kò bá rin ọ̀nà yìí rí, kò lè mọ bí ayé ṣe gùn tó. Láti Èjìgbò, a gba bódà Sẹ̀mẹ̀, a kọjá Kútọnu, a dé Lomé. A wọ Gánà, a la Ákírà kọjá, a dé bódà ní Elubo. A ré odò kọjá, ó di Noé, a ti wọ ilẹ̀ Ivory Coast nìyẹn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ní ká sọ̀ kalẹ̀, ká mú ìwé jáde, ká tún gòkè. Ìyá kan tó jókòó tì mí kó èlùbọ́ àti irú dání, ó ń gbàdúrà ní gbogbo bódà kí wọ́n má tú ẹrù òun. Láti Noé a gba Aboisso, a gba Bonoua. Kí a tó dé Bassam, mọ́tò gun orí odò ńlá kan. Ìyá náà fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Komoé nìyẹn o. Odò tó jẹ ọmọ ọba."

N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo ṣáà ṣe àmín.

ÌLÚ TÍ OLÚ-ÌLÚ FI SÍLẸ̀

Grand-Bassam ni orúkọ ìlú náà gan-an, ṣùgbọ́n Bassam ni gbogbo ayé ń pè é. Kò ju nǹkan bí ogójì kìlómítà lọ sí Àbíjàn. Ẹni tó bá ti Àbíjàn bọ̀ lè wọ gbàkà, ìyẹn mọ́tò akérò tiwọn, láti Treichville. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, ilẹ̀ tóóró wà láàárín. Orí ilẹ̀ tóóró yẹn ni àwọn Faransé kọ́ ilé wọn sí. Ní ọdún 1893, nígbà tí wọ́n sọ Ivory Coast di ilẹ̀ àmúnisìn, Bassam ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní ọdún 1899, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọ ìlú, ó pa òyìnbó lọ rẹpẹtẹ. Bí wọ́n ṣe kó ìjọba lọ sí Bingerville nìyẹn, kó tó wá di Àbíjàn.

Àwọn ilé àtijọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Omíràn ni wọ́n ti tún ṣe, omíràn ni igi ti hù láàárín rẹ̀, gbòǹgbò ti di ògiri mú. Ní ọdún 2012, àjọ UNESCO ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ìlú náà sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí àwọn aríran-mọ́jú fi ń ya lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sà tó wà láàárín ìlú, Ouladine ni wọ́n ń pè é. Afárá tó dá ìlú òyìnbó àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀, òun ni afárá tí mò ń wí. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má fi wé Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990 o. Afárá Bassam kò gùn rárá, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn á dé òdìkejì kí ó tó jẹ ẹ̀pà tán. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wò. Omi náà rọra dúró bí epo nínú agbada tí iná ò tíì mú. Ọkọ̀ àwọn apẹja tí wọ́n kùn ní pupa àti búlúù wà lẹ́bàá omi. Àwọn obìnrin ń ta ẹja yíyan àti àtíkẹ́. Àtíkẹ́ yìí, ẹ̀gẹ́ ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí gàrí tí wọ́n sè lórí ooru omi, ó funfun, ó rọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja á padà wá.

Lórí afárá náà ni mo ti rí obìnrin kan tó ró ìró ankara, tó fi gèlè kan náà wérí, tó gbé báàgì lé apá. Ó sanra ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ó wo ẹsẹ̀ mi kó tó wo ojú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí afárá níbẹ̀, mọ́tò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ó ní, "Àkànmú, dìde, kí wọ́n má tẹ̀ ọ́ pa."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn.

ODÒ TÓ JẸ ỌMỌ ỌBA

A ra àtíkẹ́, a jókòó sẹ́bàá omi. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń bá ìyá rẹ̀ sọ bí kò bá mọ̀ ọ́n, ni mo bá bi í ní ìbéèrè oníwèé ìròyìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí obìnrin inú mọ́tò wa sọ, pé Komoé jẹ ọmọ ọba?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìtàn Baoulé ni. Ó ní ìyá oníàtíkẹ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ ti tòun lọ́jà ló pa á fún òun, àti pé kò sí ọmọ ilẹ̀ náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìtàn náà rèé, bó ṣe sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1750, wọ́n ń du oyè nílé ọba Asante, ní Kumasi, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ìjà oyè náà di ogun. Ọbabìnrin kan wà tí ń jẹ́ Abla Pokou, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sá gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Wọ́n rin igbó, wọ́n rin ọ̀dàn, àwọn ọmọ ogun ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé Komoé, odò ti kún dé ẹnu. Kò sí ọkọ̀, kò sí afárá. Wọ́n bi babaláwo wọn léèrè. Ó ní odò ń béèrè ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ. Wọ́n tú wúrà sílẹ̀, odò kọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ ni.

Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ di ọmọ tirẹ̀ mú. Pokou gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ó gbé e lé omi lọ́wọ́. Àwọn kan ní àwọn erinmi ló tò láti bèbè dé bèbè, ni gbogbo ènìyàn bá ń tẹ ẹ̀yìn wọn kọjá. Àwọn kan ní igi àràbà ńlá ló tẹ̀ ba, ó di afárá. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, Pokou sunkún, ó ní, "Ba ou li." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ ti kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Baoulé ti wá.

Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ìtàn yìí kò jọ èyí tí a mọ̀? Mórèmí Àjàsorò ńkọ́, ní Ilé-Ifẹ̀? Ó lọ bẹ odò Ẹ̀sìnmìrìn pé bí òun bá rí àṣírí àwọn Ìgbò tí ń kó ìlú, òun á fún odò ní ohunkóhun tó bá béèrè. Ó fi ewúrẹ́, ó fi àgùntàn, odò kọ̀ ọ́. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbà. Ilẹ̀ méjì, odò méjì, ìyá méjì, ọmọ kan náà. Àwọn àgbà ò jẹ́ ká gbàgbé pé bí ìlú bá rí ọ̀nà kọjá, ẹnì kan ló san owó afárá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà nìyẹn. Inú ló bí mi. Mo gbé àtíkẹ́ kalẹ̀, mo ní, "Ta ló bi ọmọ yẹn léèrè?"

Màmá mi wò mí. Mo tún un sọ. Mo ní gbogbo ènìyàn ń yin Pokou, gbogbo ènìyàn ń yin Mórèmí. Ta ló bi ọmọ léèrè bóyá ó fẹ́ di afárá? Ohùn mi ti gòkè débi pé oníẹja bojú wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi nìkan ni mo béèrè bẹ́ẹ̀. Obìnrin òǹkọ̀wé ọmọ Ivory Coast kan, Véronique Tadjo, tẹ ìwé kan jáde lórí Pokou yìí, ó tú ìtàn náà palẹ̀, ó ń wò ó pé bí Pokou bá kọ̀ láti fi ọmọ sílẹ̀ ńkọ́. Ìbéèrè náà kò tíì tán nínú ọkàn àwọn onílẹ̀ pàápàá.

Màmá mi ò dá mi lóhùn. Ó ṣan ọwọ́, ó ní, "Dìde, ká tún gun orí afárá."

ÀWỌN OBÌNRIN 1949

Nígbà tí a dé àárín afárá, ó ní, "Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Afárá Ìṣẹ́gun?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kì í ṣe ìṣẹ́gun àwọn sójà. Ìṣẹ́gun àwọn obìnrin ni.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ fetí sí èyí. Ní oṣù kejì ọdún 1949, ìjọba Faransé kó àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ RDA tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n ní Bassam. Bernard Dadié tó di ìlú-mọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé, tó kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 103, wà lára wọn. Oṣù ń gorí oṣù, wọn ò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ní àwọn ò jẹun mọ́.

Ni àwọn obìnrin bá dìde ní Àbíjàn. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ò ra ọjà òyìnbó mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní Bassam yá. Ìjọba dí ọ̀nà mọ́ mọ́tò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ín, ogójì kìlómítà! Àwọn mìíràn gba inú igbó, àwọn mìíràn gba etí omi, wọ́n ń lọ níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fura sí wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí ọ̀la á di Kérésì, wọ́n kóra jọ, wọ́n kọjú sí ẹ̀wọ̀n náà. Àwọn ọlọ́pàá àti sójà tú omi sí wọn lára, wọ́n yin tajútajú, wọ́n fi kóńdó lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ṣèṣe. Marie Koré, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Wọn ò tú àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Faransé ti rí i pé ìlú ti jí. Ní ọdún 1960 wọ́n gba òmìnira. Àwọn ará Bassam ní nítorí àwọn obìnrin yẹn ni afárá ṣe ń jẹ́ Ìṣẹ́gun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Faransé nìkan nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 yẹn kan náà, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ipò ọba Abẹ́òkúta sílẹ̀, lẹ́yìn tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá ti fi orin àti ìwọ́de kọ owó orí. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ọlọ́jà ò kéré.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 2002

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Màmá mi bá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, fetí gbọ́ ọ. Má kọ ọ́ ná."

Ó ní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, bàbá mi gbé ẹrù páàtì mọ́tò lọ sí Bouaké láti lọ tà. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni ogun bẹ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, ọ̀nà dí. Kò sí fóònù tó wọlé. Ní Àbíjàn, wọ́n ṣòfin kónílé-ó-gbélé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé onípákó tí àlejò ń gbé, wọ́n ń jó o. Ilé wa wà lára rẹ̀. Òun pọ̀n mí, ó gbé abọ́ tó lè gbé, ó sá wá sí Bassam, nítorí ọ̀nà Gánà lèyí.

Awakọ̀ ọmọ Èjìgbò kan ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sílé. Mọ́tò ti kún fọ́fọ́. Ó ní òun ò ní àyè fún àgbàlagbà kan mọ́ láyé. Ìyá kan láti Èjìgbò ní òun lè gbé ọmọ lé itan.

"Mo dúró níbí," ni màmá mi wí, ó ń fọwọ́ lu irin afárá. "Ibí gan-an. O di ìró mi mú. Ìka kọ̀ọ̀kan ni mo ń tú. Bí mo bá tú ọ̀kan, ò ń fi òmíràn dì í."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò dúró de mọ́tò mìíràn, ká jọ lọ?"

Ó ní, "Bí mo bá tẹ̀lé ọ, ta ni ń wá bàbá rẹ?"

Oṣù mẹ́rin ló fi ń lọ gáréèjì lójoojúmọ́, ó ń bi àwọn tó ti òkè bọ̀ léèrè. Nígbà tí bàbá mi padà dé, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní 2004. Gbèsè oògùn àti gbèsè ọjà tó jóná dúró sí i lọ́rùn. Ó ní òun ò lè wálé kí àwọn olówó wá ká òun mọ́ Isundunrin, kí wọ́n dójú ti ìyá òun. Abọ́ ni ó fi san gbèsè náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí gbèsè fi máa tán, mo ti ń pe ìyá àgbà ní Màámi.

Ikú bàbá mi, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó kú ní Àbíjàn, ó tán. Ti Bouaké, ti gbèsè, ti afárá, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ ní 2011. Ó ní, "O sá lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ. Èmi náà, ojú ń tì mí. Mo ní bí o bá dàgbà, o ó béèrè. O ò béèrè."

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbà kí n kọ sílẹ̀. Ó ní, "O bi mí lẹ́ẹ̀kan nípa Pokou. Ìyẹn gbé ọmọ sómi kí àwọn ènìyàn lè kọjá. Èmi dúró sínú omi kí ọmọ mi lè kọjá. Má pa wá pọ̀."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Apẹja kan ju àwọ̀n, ó fà á, kò rí ju ẹja mẹ́ta lọ, ó tún un jù. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ni mo bá ní, "Màámi, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi tán ni àwa méjèèjì tó gbọ́ orúkọ tí mo pè é. Ó yíjú sí omi. Èmi náà ń wo bàtà mi.

Nígbà tí a wọ gbàkà tí ń lọ sí Treichville, ó san owó èmi àti òun, ó kọ̀ kí n san. Ó ní, "Nọ́ńbà mélòó lò ń wọ̀ ní bàtà?" Mo ní 43. Ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀.

ÈSÌ MI FÚN ÌYÁ ALÁTA

Ìyá wa tó kọ lẹ́tà, èsì mi rèé. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Fóònù á gbé "ṣé àlàáfíà ni", kò lè gbé èyí tó kù. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ pe ọmọ yín wá, tàbí kí ẹ lọ bá a. Ẹ mú un dé ibi tí ẹ ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe gáréèjì, ìbáà ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìyá yín. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti sọ. Ẹ má sọ pé "mo ṣe é fún ẹ" kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á mọ ẹni tí ẹ ṣe é fún. Bó bá sì bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Èmi náà bínú, oníẹja gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí a fi sílẹ̀ bíi tèmi, ẹ bi wọ́n léèrè o. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi rò pé mo mọ ìdí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí a jọ ń ta òkòtó ni mo gbà gbọ́, n kò gbọ́ tẹnu ìyá tó bí mi. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ tí èmi dá rèé.

N kò sọ pé kí ìyá kan máa fi ọmọ sílẹ̀ kiri o. Ọmọ tí kò mọ ojú ìyá, ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kì í tètè ṣeé tún ṣe, bàtà ọdún kò lè dí i. Ẹni tó bá lè mú ọmọ rẹ̀ dání, kó mú un dání. Ṣùgbọ́n ẹni tí ogun tàbí àìní bá lé dé etí omi, tó ti fi í sílẹ̀, kó má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tún wá fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí Àbíjàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Bassam. Ẹ jẹ àtíkẹ́, ẹ gun afárá náà, ẹ rántí àwọn obìnrin 1949. Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó fọwọ́ di irin afárá mú tó ń wo omi, ẹ kí i.

Lẹ́tà yín ni mò ń retí o. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ tiyín wá, màá kà á. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.